Ẹ̀rọ Alágbèéká àti Owó Rẹ̀: Bí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Dé Àpò Wa ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí bẹ̀rẹ̀ ní ilé àbúrò mi ní Ìsọlọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí yunifásítì ni. Àbúrò mi pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò tó nǹkan. Ẹ̀rọ wo ni kí n rà fún ọmọ yìí tí yóò máa fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì? Ṣé fóònù ni, ṣé MiFi ni, àbí tábúlẹ́ẹ̀tì?" Mo ní kí ó fún mi ní ọjọ́ méjì. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi náà ti ṣubú lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, n kò sì fẹ́ kí ọmọ náà tún fi owó baba rẹ̀ ra ọgbọ́n tí a ti rà tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe jókòó tí mo ń ro ìdáhùn nìyẹn, tí ìdáhùn náà sì di ìtàn. Ìtàn náà ni mo gbé wá fún yín.

Oríta ẹrù àti èrò

Ẹni tó bá mọ Èkó yóò mọ̀ pé kò sí ibi tó yẹ kí a ti sọ ìtàn ẹrù tí a ń gbé káàkiri bí Òṣòdì. A máa ń so orúkọ ibẹ̀ mọ́ Òṣòdì Tápà, ọmọ Tápà tó di balógun fún Kòsọ́kọ́ ọba Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tí ojú irin tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ṣí ní ọdún 1901, Òṣòdì ló gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ni títì Àgége, ti Apápá àti ti pápákọ̀ òfuurufú wá pàdé níbẹ̀. Ìsọlọ̀, ìlú Ọsọlọ̀, kò jìnnà sí i. Ibẹ̀ ni ọjà Aswani wà, ibẹ̀ sì ni ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé ti fara kínra wọn. Èrò tó bá fẹ́ dé Máfólúkù, Èjìgbò tàbí Ọ̀kọ́tà kì í ṣàì gba ọ̀kan nínú méjèèjì. Nítorí náà, ohunkóhun tí ènìyàn lè fi sínú àpò ni wọ́n ti ń tà níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ wá.

Ìgbà tí dískẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọba

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní ọdún 1985 ni ìjọba àpapọ̀ dá NITEL sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù. Títí di ọdún 2001, okùn tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ, bẹ́ẹ̀ àwa ènìyàn orílẹ̀-èdè yìí ti lé ní 100 mílíọ̀nù. Ní òpópónà tiwa ní Ìsọlọ̀, ilé kan ṣoṣo ló ní tẹlifóònù. Bàbá tó ni ín fi àgádágodo kékeré ti ojú ibi tí a ń fi ìka yí, kí àwọn ọmọ ilé má baà sọ ọ́ di onígbèsè.

Inú ipò yìí ni íntánẹ́ẹ̀tì bá wa. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í gba okùn NITEL wọlé. Orí òrùlé ló máa ń gbà, láti inú àwo ńlá tí àwọn onísáíbà-kafé gbé kọjú sí sátẹ́láìtì. Nínú yàrá kan, ẹ ó rí kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tàbí méjìlá, fáànù méjì, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́yìn ilé. A ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, a ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, aago yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú wa sẹ́yìn bí ẹni tó ń ka owó orí. Ẹni tí kò bá lè san owó ọ̀sán a dúró di òru, nítorí pé owó àṣemọ́jú dín. Èmi jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nígbà náà, ìyẹn ní nǹkan bí ọdún 2000, mo sì wà lára àwọn tó ń fi ojú àìsùn wọ ọkọ̀ ní ìdájí.

Kí wá ni ẹ̀rọ alágbèéká wa nígbà náà? Dískẹ́ẹ̀tì ni. Ó pẹlẹbẹ, ó wọ àpò ẹ̀wù, ohun tó sì lè gbà kò ju mẹ́gábáìtì 1.44 lọ. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí fóònù òde òní ń yà kò lè wọ inú rẹ̀. Ìwé tí a bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ó dà sí i, a ó gbé e wọ mọ́lùẹ̀, a ó sì máa gbàdúrà pé kí eruku, oòrùn tàbí fáírọ́ọ̀sì má bà á jẹ́. Orí kan odindi nínú iṣẹ́ àṣekágbá mi bá dískẹ́ẹ̀tì lọ báyìí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tó rọrùn láti gbé rọrùn láti pàdánù pẹ̀lú.

Ọdún 2001: ohùn kọ́kọ́ dé

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀, ta ìwé-àṣẹ GSM ní gbàǹjo. Mílíọ̀nù 285 dọ́là ni owó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Econet àti MTN ti ń tajà fún gbogbo ènìyàn. Econet yìí ló di Vmobile, tó di Celtel, tó di Zain, kí ó tó di Airtel ní ọdún 2010.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nǹkan àwọn tálákà ni nígbà tó dé. Síìmù nìkan, láìtíì ra fóònù, tó nǹkan bí náírà 20,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 2000 sì jẹ́ náírà 7,500. Owó ìpè jẹ́ náírà 50 fún ìṣẹ́jú kan; ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan péré lé sí i yóò san ti ìṣẹ́jú méjì. Nítorí èyí ni gbogbo Èkó fi kọ́ fíláàṣì: a ó jẹ́ kí fóònù ẹnìkejì dún lẹ́ẹ̀kan, a ó sì pa á, kí òun tí ó lówó lè pe wá padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003 ni Glo wọ ọjà, tó sì ń ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ afárá Òṣòdì, àwọn ìyá wa tó ní agbòòrùn, tábìlì kékeré kan àti fóònù kan sọ ara wọn di ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù.

Ọdún 2003 yìí náà ni Nokia gbé Nokia 1100 jáde. Ó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, eruku kì í tètè wọ inú rẹ̀, bátìrì rẹ̀ sì ń pẹ́. Ní ọdún 2005, nígbà tí Nokia ta fóònù tó pé bílíọ̀nù kan láti ìgbà tó ti ń ṣe fóònù, Nokia 1100 ni fóònù náà, Nàìjíríà ni wọ́n sì ti rà á. Ṣùgbọ́n kò lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ohun tó lè ṣe ni kí ó pe ìpè, kí ó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Lórí àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí.

"Baba ti lo o"

Ní ọdún 2004, bàbá mi ń ṣàìsàn ní Ìbàdàn. Mo ra oògùn kan ní Èkó, mo fi rán awakọ̀ kan, mo sì ní kí àbúrò mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi bí ó bá ti dé ọwọ́ wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo dúró ní Òṣòdì, mo ń retí ọkọ̀ Ìsọlọ̀, ni fóònù mi dún. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀: "Baba ti lo o."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ kà á wò. Ohun tí èmi kà ni "Bàbá ti lọ o." Ẹsẹ̀ mi kò gbà mí mọ́. Kò sí owó nínú fóònù mi, mo bá sáré tọ ìyá onípè kan lọ lábẹ́ agbòòrùn. A pè títí, nẹ́tíwọ̀kì kọ̀. Ó tó nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kí ohùn àbúrò mi tó wọlé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ohùn yín ń gbọ̀n? Bàbá ti lò ó. Wọ́n ti lo oògùn náà, wọ́n ti sùn." Ohun tó wà lọ́kàn òun ni "Bàbá ti lò ó." Ìyá onípè yẹn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀bi àbúrò mi kọ́. Lẹ́yìn tí mo di akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè dáadáa ni mo wá lọ wádìí ohun tó fà á. Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ ní ayé lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 1992. Báíìtì 140 péré ni àyè tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà 160 ni àyè yẹn ń gbà, bí gbogbo lẹ́tà náà bá wà nínú àkójọ tí àwọn ará Yúróòpù tó ṣe ètò GSM yàn. Nínú àkójọ náà, à, è, ì, ò àti ù wà. É náà wà. Èdè Ítálì nílò gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kò sí á, kò sí í, kò sí ó, kò sí ú. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀ rárá. Bí a bá fi ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn sínú ọ̀rọ̀ wa, ètò náà yóò gbé gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà sí ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń gba àyè tó ju ìlọ́po méjì lọ. Lẹ́tà 160 yóò di 70 lójú ẹsẹ̀. Lẹ́tà bí ọ́, tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, yóò tún gba àyè méjì nínú 70 yẹn.

Ẹ rí i báyìí pé owó wà lórí àmì ohùn. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan jẹ́ náírà 15, ẹni tó bá fẹ́ kọ Yorùbá bí ó ti tọ́ lè san ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta owó tí ẹni tó kọ ọ́ lásán san. Ọ̀pọ̀ fóònù ọwọ́ wa kò tilẹ̀ ní lẹ́tà náà, bí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí bá sì gbà á, àpótí kékeré òfìfo ni yóò rí. Láti ọdún 1875 tí àwọn ìjọ CMS ti ṣe àpérò lórí àkọtọ́ Yorùbá ní Èkó ni àwọn àgbà ti ń jiyàn lórí àmì wọ̀nyí, ìgbìmọ̀ ọdún 1966 sì tún jókòó lé e lórí. Kò sí ẹnikẹ́ni tó pe àgbà kan nínú wọn síbi tí wọ́n ti ń yan lẹ́tà fún fóònù.

Ìgbà Opera Mini, módẹ́ẹ̀mù àti BlackBerry

Íntánẹ́ẹ̀tì kò wọ inú fóònù wa lọ́jọ́ kan. Àwọn ojú-ìwé WAP ló kọ́kọ́ dé, àwọn tí kò ní ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ àti ìlà díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni Opera Mini tàn kálẹ̀ láti ọdún 2006. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé fóònù kì í lọ bá ojú-ìwé fúnra rẹ̀. Ó ń rán iṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́ Opera. Kọ̀ǹpútà yẹn ni yóò lọ mú ojú-ìwé náà wá, tí yóò fún un pọ̀, kí ó tó fi èyí tó ti fúyẹ́ ránṣẹ́ sí wa. Ìdá díẹ̀ nínú dátà ni a ń san owó fún. Pẹ̀lú fóònù kékeré tí kò lágbára, ọmọ tó ń kirun ní Máfólúkù lè ka ìròyìn ayé kí oníbàárà kejì tó dé.

Ní ọdún 2007 ni NCC ta ìwé-àṣẹ 3G, mílíọ̀nù 150 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan. Àsìkò náà ni módẹ́ẹ̀mù gbòde, èyí tó rí bí ìka ọwọ́ tí a ń tì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe ti GSM, bíi Starcomms, Multi-Links àti Visafone, náà ń tà á. Èmi ra tèmi ní ìparí ọdún 2008, nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé. Owó àjọ ni mo fi rà á ní ìsọ̀ kan ní Òṣòdì. Nígbà tí mo délé ni mo rí i pé nẹ́tíwọ̀kì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò dé yàrá mi, wọ́n sì ti tì í pa mọ́ ara wọn: kò lè gba síìmù ẹlòmíràn láéláé. Mo múra láti gbé e padà fún ẹni tó tà á. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá wó àwọn ìsọ̀ tó kún ojú títì àti ojú irin Òṣòdì. Nígbà tí mo débẹ̀, ilẹ̀ gbalasa ni mo bá. Ọ̀nà ti dára fún ọkọ̀, ìyẹn kò ṣeé jiyàn; ṣùgbọ́n n kò rí ọkùnrin náà mọ́, ó sì lè jẹ́ pé àdánù tirẹ̀ ju tèmi lọ. Módẹ́ẹ̀mù mi di ohun ìṣeré àwọn ọmọdé.

BlackBerry ló tẹ̀ lé e. Láàrin nǹkan bí ọdún 2010 sí 2013, ẹni tí kò ní in dàbí ẹni tí kò sí láwùjọ. Àrà tó ní ni pé ó ní ètò owó oṣooṣù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí a kò bá san án, fóònù olówó ńlá náà yóò di ti ìpè lásán. Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ so kọ́ sí. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ náà dáwọ́ ìtìlẹ́yìn dúró fún àwọn fóònù àtijọ́ yẹn. Bákan náà ni Starcomms àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di ìtàn. MTN ló ra Visafone. Igi tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ògiri, ọjọ́ tí ògiri wó ni tirẹ̀ náà wó.

Síìmù méjì nínú ilé kan

Bí àwọn olówó ṣe ń du BlackBerry, fóònù mìíràn ń rọra wọ ọwọ́ àwọn awakọ̀ dánfó, àwọn aránṣọ àti àwọn aláta. Wọ́n ń pè é ní fóònù Ṣáínà, wọ́n sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tecno, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú fóònù onísíìmù-méjì wá sí Áfíríkà. Àwọn tó ṣe é ti wo bí a ṣe ń gbé ayé wa. Wọ́n rí i pé owó ìpè láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn wọ́n ju ti inú ilé kan náà lọ, àti pé nẹ́tíwọ̀kì tó ń gbà ní Àjàò lè kú pátápátá ní Ọ̀kọ́tà. Ènìyàn kan náà ń gbé fóònù méjì kiri nítorí èyí. Wọ́n kó méjèèjì sínú ẹyọ kan, wọ́n fi bátìrì ńlá sí i nítorí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná wa, wọ́n sì fi rédíò àti tọ́ọ̀ṣì kún un.

Ó tún ku ohun kan tó ká mi lára. Ní Etiópíà, ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe fóònù tó ń kọ lẹ́tà Àmhárìkì, nítorí pé àwọn oníbàárà ibẹ̀ kò fẹ́ èyí tí kò kọ èdè wọn. Èdè tí àwọn tó ni ín béèrè fún ni oníṣòwò ń pèsè. Àwa tí a pọ̀ tó báyìí, kò sí ẹni tó dúró níwájú ìsọ̀ kan ní Òṣòdì tó béèrè pé, "Ṣé ó ń kọ Yorùbá?" Àwọ̀ rẹ̀ àti bí kámẹ́rà rẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó là ń béèrè.

Ìsọ̀ náà ń yí padà bí ẹ̀rọ ṣe ń yí padà. Ọjà Òwónifàárí ní Òṣòdì, tí orúkọ rẹ̀ ti sọ èrò ọkàn wa tán, wà lára ibi tí a ti ń ra ẹ̀rọ títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, nígbà tí ìjọba Gómìnà Akínwùnmí Àm̀bọ̀dé wó o, tó ní kí àwọn ọlọ́jà kó lọ sí Ìsọ̀pákódowó ní Bọ́ládé. Ní ọdún 2019 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá tó wà ní Òṣòdì báyìí.

Okùn abẹ́ òkun àti owó dátà

Ohun tó mú kí dátà di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà kò sí nínú fóònù, abẹ́ òkun ló wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, SAT-3 tó wà lọ́wọ́ NITEL nìkan ni okùn abẹ́ òkun tó so wá mọ́ ayé. Ní ọdún 2010 ni MainOne àti Glo-1 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Bí ọlọ́jà ṣe pọ̀ sí i ni ọjà ń rọ̀ sí i. Ní ọdún 2013, Smile gbé 4G dé Ìbàdàn, MiFi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn ènìyàn. Ní ọdún 2022 ni MTN bẹ̀rẹ̀ 5G. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn mẹ́rin bàjẹ́ pa pọ̀ nítòsí Abidjan, a tún rántí pé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni gbogbo rẹ̀ so kọ́.

Ìgbà tí mo mọ ìwúlò ẹ̀rọ yìí jù ni ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo Èkó jókòó sílé láti ìparí oṣù kẹta. Àbúrò mi ní ọmọ mẹ́ta, fóònù kan ṣoṣo ló sì wà tó lè gbé ẹ̀kọ́. Ọmọ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni àgbà nínú wọn. Òun ni ó ń dúró kí àwọn àbúrò rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ tán kí ó tó gba fóònù ní alẹ́, nígbà tí bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Nígbà tí baba rẹ̀ sọ pé ó ti wọlé yunifásítì, ohun tí mo kọ́kọ́ rántí nìyẹn.

Owó tún ti gòkè báyìí. Ní ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ di náírà 70,000. Fóònù tuntun olówó pọ́ọ́kú tó ní 4G kò sì jìnnà sí iye yẹn nígbà náà, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, NCC gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dátà.

Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi

Mo sọ fún un pé fóònù dàbí ẹṣin: bíbọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́, rírà rẹ̀ kọ́. Kí ó pín owó rẹ̀ sí méjì, kí ó má kó gbogbo rẹ̀ lé ẹ̀rọ, nítorí pé dátà oṣooṣù ń bọ̀ lẹ́yìn. MiFi dára fún ilé tí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ti ń lò ó pa pọ̀. Fún ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá ilé-ẹ̀kọ́, bátìrì kejì tí yóò máa wá iná fún ni. Fóònù tó dára lè pín íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà, kí ó sì tún gba ìpè. Tábúlẹ́ẹ̀tì rọrùn fún ojú láti kàwé, ṣùgbọ́n ó lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Mo ní kí ó ra èyí tí kò tì pa mọ́ ilé-iṣẹ́ kankan, kí ó gba síìmù méjì, kí ó sì ní 4G. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, kí ó ṣọ́ra: orúkọ ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ ni Tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀, kí a tó fi sọ ọjà àlòkù. Fóònù tí wọ́n ṣe fún nẹ́tíwọ̀kì Amẹ́ríkà lè má gbọ́ ìgbì rédíò tiwa dáadáa. Kí ó fi síìmù tirẹ̀ dán an wò níwájú ọlọ́jà, kí ó tẹ *#06#, kí ó fi nọ́ńbà tó bá jáde wé èyí tó wà lára páálí. Kí ó gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó ní ìsọ̀ tí yóò ṣì wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ìdí tí mo fi sọ èyí.

Ohun tí mo sọ kẹ́yìn ni kí wọ́n ṣí ibi tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ "Bàbá ti lò ó" pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá yóò yọ bí ó ti tọ́. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Nítorí pé ohun kan ti yí padà. Ètò bíi WhatsApp kì í ka lẹ́tà 70 mọ́ wa lórí. Inú dátà ni ọ̀rọ̀ ń gbà, owó àmì ohùn kò sì tó ohun tí à ń kà. Pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá wà nínú Gboard láìgba kọ́bọ̀. Àwọn ènìyàn bíi Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá ní Ìbàdàn àti Kọ́lá Túbọ̀sún, tó ṣètò ọjọ́ tí a fi Yorùbá kún orí Twitter ní ọdún 2012, ti ṣe làálàá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2004, ẹ̀rọ ló dí wa lọ́wọ́. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn fóònù tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì lè kọ ohun tí àbúrò mi kò lè kọ lọ́jọ́ náà. Bí a bá ṣì ń kọ "Baba ti lo o" sí ara wa, àṣà ọwọ́ wa ni, kì í ṣe àṣà ẹ̀rọ mọ́.

Bàbá lo oògùn náà, wọ́n sì tún lo ọdún méje lókè eèpẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ lóòótọ́, àbúrò mi kò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ó wọ ọkọ̀ wá bá mi.

Wọ́n ti ra fóònù náà. Ọmọ wa ti gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ tó débẹ̀, ó kọ̀wé sí mi: "Ẹ ṣé gan-an, Bàbá Yábàá. Mo ti ń lò ó." Kò sí àmì kan tó yẹ̀. Bí ó bá kọ ọ́ lásán ni, ǹ bá rò pé ó ti ń kúrò níbẹ̀.